Fìlà Alága Wa

Bí mo bá rí fìlà lórí orúnkún ẹnìkan, alága ìgbìmọ̀ ìjọ Kátólíìkì wa l'Ábẹ́òkúta ni mo máa ń rántí. Bí ọ̀rọ̀ kò bá tẹ́ wọn lọ́rùn nípàdé, wọn kì í pariwo. Wọ́n á kàn rọra ṣí fìlà, wọ́n á gbé e lé orúnkún.

Lọ́dún tí òjò ba ọ̀nà abúlé Kọ́bapẹ́ jẹ́, Fada wa tuntun ní òun ò ní lọ ṣe Mísà níbẹ̀ mọ́, kí àwọn ará ibẹ̀ máa wá sílùú. Èmi ni akọ̀wé. Kọ́bapẹ́ ni ìyá mi ń gbé, ẹsẹ̀ wọn ò sì gbé wọn mọ́. Inú bí gbogbo ìgbìmọ̀, wọ́n ní ká dìbò, ni ọwọ́ bá lọ sókè.

Alága ṣí fìlà. "Ẹ sọ ọwọ́ yín kalẹ̀ ná. Ìmọ̀ràn la wà fún, a ò lè fi ìbò fipá mú Fada." Wọ́n kọjú sí Fada. "Fada, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká jọ lọ, kí ẹ fẹnu ara yín sọ fún àwọn arúgbó ibẹ̀."

Wọ́n lọ. Ìyá mi rò pé Fada wá ṣe Mísà ni, wọ́n bá ń wá gèlè kiri. Fada ò lè sọ ohun tó gbé e wá mọ́.

Lọ́jọ́ Sunday, Fada kéde pé òun á ṣì máa lọ ṣe Mísà ní Kọ́bapẹ́. Ọkàn mi balẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Nípàdé tó tẹ̀lé e, mo ti ń kọ ọ́ pé alága ló gbà wá sílẹ̀, ni wọ́n bá yọjú wo ìwé mi, wọ́n sì tún ṣí fìlà.

"Rárá o, akọ̀wé. Kọ ọ́ pé Fada ló pinnu." Ìgbà tí mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ tán ni wọ́n tó dé fìlà wọn padà.