Ọ̀bẹ Tí Mo Fà Yọ

Nígbà tí mo ṣì kéré ní Ṣàngó, ní Ìlọrin níbí, ẹ̀gún kì í sùn mọ́jú lẹ́sẹ̀ ọmọ nílé wa. Ìyá ìyá mi á fi orúnkún tẹ̀ ọ́ mọ́lẹ̀, á fi abẹ́rẹ́ tú u jáde, ẹkún rẹ ò kàn án. Ohun tó bá gún ènìyàn, yíyọ ni. Ẹ̀yin ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, èrò yìí ni mo gbé wọ ilé ẹ̀kọ́ nígbà tí mo di ọ̀dọ́, òun ni mo sì fi pa ènìyàn.

Ní ọdún kejì wa, olùkọ́ kan ṣoṣo ló kù fún kíláàsì mẹ́ta. Àwọn yòókù ti bá iṣẹ́ lọ sí Saudi. Omi ti pọ̀ ju ọkà lọ fún ìyá olùkọ́ tó kù náà, àwa sì ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé nọ́ọ̀sì tí wọ́ọ̀dù bá le fún ló ń sá wá kọ́ni.

Ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní ọjà Ipata lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Alábàárù méjì ló ń jà lórí ẹni tí yóò já iṣu lọ́kọ̀, ká tó ṣẹ́jú, àdá ti dé. Àwọn tí wọ́n gbé wá bá wa ní wọ́ọ̀dù ilé ìwòsàn tí a ti ń kọ́ṣẹ́ kò lóǹkà. Etí ọ̀kan ti já, ọmọ odó ti la orí èkejì, síbẹ̀ wọ́n ń na ọwọ́ sí ọrùn ara wọn láti orí bẹ́ẹ̀dì. Ilẹ̀ ń yọ̀ fún ẹ̀jẹ̀.

Ọmọkùnrin kan ló kàn mí. Ọ̀bẹ wọ itan rẹ̀ dé èèkù.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ di aṣọ mi mú. “Àǹtí, ẹ fà á yọ nítorí Ọlọ́hun, ẹ ò rí i bó ṣe ń jẹ̀rora ni?”

Mo fà á yọ. Ẹ̀jẹ̀ tú bò mí lójú. Olùkọ́ wa sáré dé, wọ́n fi èjìká gbá mi dànù, wọ́n ki ìkúùkù bọ inú ọgbẹ́ náà. Ẹ̀gbọ́n rò pé wọ́n fẹ́ pa àbúrò òun ni, ló bá ń lù wọ́n lórí, lójú, lẹ́yìn. Wọn ò fi ọgbẹ́ náà sílẹ̀. Abẹ́ ọwọ́ wọn ni ọmọkùnrin náà kú sí kí dókítà tó dé.

Lọ́jọ́ kejì, mo ti di ẹrù mi, mo ń retí kí wọ́n lé mi. Olùkọ́ wa wọ kíláàsì, ojú wọn kan ti wú dí.

“Ọ̀bẹ tó bá wọ ara, ẹ fi sílẹ̀, ẹ di aṣọ yí i ká. Òun ló ń dí ẹ̀jẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló yẹ kí n kọ́ yín. Kíláàsì àwọn mìíràn ni mo wà nígbà náà.”

Wọn ò wo ojú mi rárá. Ì bá sàn kí wọ́n gbá mi létí.

Láyé ìsinsìnyí, fóònù yín á fi ọgbẹ́ hàn yín kí ẹ tó fojú kàn án. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ fóònù kì í gbá ọwọ́ ẹni kúrò lára èèkù ọ̀bẹ. Ikú ọmọkùnrin yẹn ló sọ mí di olùkọ́. Ẹ̀kọ́ ọ̀bẹ ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ìwé ì báà fi í sí ìparí. Bí mo bá sì bi yín pé ta ló fẹ́ kọ́ni, ìlú òyìnbó ni gbogbo yín ń wò. Oṣù tó ń bọ̀ ni mo ń fẹ̀yìn tì, wọn ò sì tíì rí ẹni tí yóò gba kíláàsì mi.