Ọdún Tí Wọ́n Ní Ẹkùrọ́ Kò Gbọdọ̀ Sọdá Òkun Mọ́

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fara balẹ̀ kí n ròyìn bí òfin ìjọba ṣe mú ọ̀rẹ́ mi lọ lọ́dọ̀ mi.

Ní Iperindo níbí, bí a bá se ẹyìn, ọkọ ló ni epo, ìyàwó ló ni ẹkùrọ́. Kò sí ọkọ tó jẹ́ béèrè ẹkùrọ́! Òun ni ọ̀rẹ́ mi yìí, Ìyá Ràfíù, fi ń jẹun. Ará Òṣogbo ni, ọkọ rẹ̀ ti kú, kò sì lóko; lọ́wọ́ àwa tí ọkọ wa lóko ló ti ń ra ẹkùrọ́ tó ń pa. Ẹ̀yìnkùlé mi la ti jọ ń pa ẹkùrọ́ láràárọ̀, ẹnu rẹ̀ kì í sì í dákẹ́.

Ìgbà ìjọba sójà ni. Oníbàárà wa tó máa ń kó o lọ sí Èkó dé, kò gbé lọ́rì wá. Ó ní ìjọba ti fòfin de kíkó ẹkùrọ́ ránṣẹ́ sókè òkun, pé ká máa fún epo rẹ̀ níbí. Ìyá Ràfíù bi í pé ilé iṣẹ́ tí yóò fún un dà? Ó ní òun náà kò mọ̀.

Ìyá Ràfíù ní, "Ṣé kí n wá máa jẹ ẹ́ bí ẹ̀pà ni?"

Ẹ̀rín pa wá!

A rò pé yóò yanjú, a ń pa á lọ. Ṣùgbọ́n ẹkùrọ́ tí a bá ti yọ nínú èèpo, ṣé ó ń pẹ́ kí kòkòrò tó wọ̀ ọ́? La bá bẹ̀rẹ̀ sí í dín in, ká lè rí àdín tà. Èéfín bò wá! Ìyá Ràfíù ní mo ti dà bí ìdí ìkòkò. Mo ní kó lọ wo dígí ná.

Àmọ́ gbogbo obìnrin abúlé ló ń dín àdín. Ta ni yóò rà á?

Nígbà tí Ìyá Ràfíù ní òun fẹ́ kó lọ, mo bẹ̀ ẹ́ kó dúró, ká jọ máa jẹ nínú oko ọkọ mi. Ó ní, "Ìyá Ṣọlá, tí mo bá ń jẹ tìrẹ, ṣé mo ṣì lè máa bú ọ?"

Ó kó lọ bá ọmọ rẹ̀ l'Òṣogbo.

Nígbà tí oníbàárà wa tún yà, mo bi í bóyá àwọn òyìnbó ń béèrè ẹkùrọ́ wa. Ó ní wọ́n ti ń rà á níbòmíràn. Àṣé wọn kì í dúró deni!

Mo lọ kí ọ̀rẹ́ mi. Ó tọ́jú mi dáadáa, ṣùgbọ́n ó rọra ń sọ̀rọ̀ bí àlejò nínú ilé ọmọ rẹ̀. Àárò rẹ̀ wá sọ mí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Kò burú ká máa ṣe nǹkan wa níbí o. Ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ́ ilé iṣẹ́ ná, kí wọ́n tó ti ọ̀nà.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ni ẹ pàdánù nítorí iṣẹ́ tó dẹnu kọlẹ̀? Ẹ sọ ọ́, mò ń gbọ́. Ẹni tó bá sì ń lọ Òṣogbo nínú yín, kó bá mi sọ fún Ìyá Ràfíù pé ẹyìn so gan-an lọ́dún yìí.