Ilẹ̀kùn Ìjàpá Àlhájà

Òórùn pọ́tì tútù, ohun tí a fi ń dí ihò ara ọkọ̀, ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí, lábẹ́ afárá rélùwéè ní Peckham, níbi tí ọ̀gá mi ti ń tún ọkọ̀ àtijọ́ ṣe. Bí rélùwéè bá ń kọjá lókè, gbogbo páànù á gbọ̀n, èmi náà á gbọ̀n. Ọ̀gá rò pé rélùwéè ló ń dẹ́rù bà mí. Wọn ò mọ̀ pé mo ti ń gbọ̀n kí n tó dé Ìlú Ọba. Lójú ọ̀nà Ìbàdàn ni ilẹ̀kùn ọkọ̀ tí a wọ̀ ti ṣí fúnra rẹ̀ lórí eré. Èmi bọ́ sínú koríko, mo yè. Ọ̀rẹ́ mi tó jókòó tì mí bọ́ sórí ọ̀dà, kò yè. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, sísá ni í sá. Ẹ wá wo èmi ọlọ́gbọ́n, tó jẹ́ pé ibi tí wọ́n ti ń so ilẹ̀kùn mọ́ ọkọ̀ ni mo wá iṣẹ́ lọ.

Àlhájà kan tó ní ìsọ̀ oúnjẹ ní Rye Lane ló gbé ọkọ̀ olóògbé baálé wọn wá, ìjàpá, ọkọ̀ roboto tí gbogbo wa mọ̀ nílé. Wọ́n fẹ́ fi gbé ọmọ ọmọ wọn obìnrin lọ síbi yìgì rẹ̀. Irin abẹ́ ilẹ̀kùn méjèèjì ló ti jẹrà. Ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀ irin yẹn gbọ́dọ̀ so ilẹ̀kùn mọ́ ọkọ̀, kó gbé ọkọ̀ sórí táyà, kó wo àlàfo yípo ilẹ̀kùn kó tó jó irin, torí láìsí ìyẹn, ara ọkọ̀ á wọ́. Ọ̀gá tú ilẹ̀kùn jù sẹ́yìn, wọ́n gbé ọkọ̀ sórí jáàkì, wọ́n gbé iná.

“Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kò yẹ ká so ilẹ̀kùn mọ́ ọn ná?”

“Ta ló kọ́ ọ? Ṣé rélùwéè tó ń dẹ́rù bà ọ́ yẹn ni?”

Mo lọ gbé irin wá fún wọn. Mo ní mo ń bọ̀wọ̀ fágbà. Ọ̀wọ̀ ni ojo máa ń pe ẹ̀rù rẹ̀.

Nígbà tí a jó irin tán, tí a sọ ọkọ̀ kalẹ̀ tí a so ilẹ̀kùn, àlàfo ìsàlẹ̀ gba odindi àtàǹpàkò, tòkè ò gba abala ìwé. Ọ̀gá ò bínú rárá. Wọ́n po pọ́tì, wọ́n fi dí ihò náà títí tí àlàfo fi gún bí ìlà tí wọ́n fi rúlà fà. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà: onídìrí òdìkejì títì wá ya fọ́tò ọkọ̀ náà mẹ́ta. Àmọ́ ilẹ̀kùn tó bá dè dáadáa máa ń dún lẹ́ẹ̀mejì, kà-kà. Tiwa dún lẹ́ẹ̀kan.

Ní òwúrọ̀ Sátidé kan, Àlhájà àti ọmọ ọmọ wọn wá wò ó. “Grandma, ó fáìn gan-an, I swear!” Ọmọ náà jókòó sínú ọkọ̀. Ọ̀gá fi ìdí rọra ti ilẹ̀kùn. Kà. Mo dúró de ìkejì. Kò wá. Ẹnu mi là fúnra rẹ̀:

“Àlhájà, ẹ bá wa tún ilẹ̀kùn yẹn tì. Ẹ fagbára tì í.”

Ọ̀gá wò mí bíi pé mo bú bàbá wọn. Àlhájà, tó ti ń fa àpò ìrẹsì láti ọdún pípẹ́, gbá ilẹ̀kùn náà. Pọ́tì tó tóbi tó ẹ̀bù iṣu já bọ́ sórí bàtà wọn, ilẹ̀kùn sì rọra ṣí padà.

“Ọ̀gá mẹkáníìkì, ṣé ara ọkọ̀ nìyí?”

“Ooru ni, Àlhájà.”

“Ooru? Nínú òjò Peckham yìí? Ẹ tú u palẹ̀ o! Ọmọ mi ló máa jókòó síbẹ̀.”

Gbogbo wọn wá wojú mi, akọni tó sọ òtítọ́. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni wọ́n bá mi. Mo ti ń ṣa àfọ́kù pọ́tì.

Ọ̀gá gé irin náà, wọ́n tún un jó, pẹ̀lú ilẹ̀kùn lára ọkọ̀ àti táyà nílẹ̀, bó ṣe yẹ láti ìbẹ̀rẹ̀. Yìgì ò dúró dè wá, takísí ni ìyàwó wọ̀. Nígbà tí a fẹ́ dán ọkọ̀ wò, Ọ̀gá nawọ́ sí ìjókòó ẹ̀gbẹ́ wọn: “Alákíyèsí, wọlé.” Kà-kà. Mo fọwọ́ méjèèjì di ilẹ̀kùn náà mú yípo Peckham Rye, bíi pé ọwọ́ mi lágbára ju irin lọ.

Ọ̀gá ti fẹ̀yìn tì báyìí. Tí mo bá ti ra ata ní ìsọ̀ Àlhájà, wọ́n á sọ fún àwọn oníbàárà pé èmi ni mo gba ìyàwó là, wọ́n á sì bù sí i fún mi. Mo máa ń gbà á, mo máa ń dúpẹ́. N kò tíì sọ fún wọn pé nígbà tí Ọ̀gá po pọ́tì yẹn tán, èmi ni mo fi sáńpépà dán an fún odindi ọjọ́ mẹ́ta. Ó dán gan-an. Mo sì mọ ẹni tó máa jókòó síbẹ̀.