Ìrìn Tí Kò Níbi Tó Ń Lọ

Dókítà ló kó mi sí i. Ó wo ikùn mi, ó mi orí, ó ní kí n máa rìn láràárọ̀. Mo ní kí n máa rìn lọ síbo? Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ ṣáà máa wander, Daddy."

Lẹ́nu òyìnbó, ọ̀rọ̀ yẹn dùn. Ẹ wá gbé e dé Abẹ́òkúta. Bí ewúrẹ́ bá ṣe é, ó ń jẹ̀ kiri ni. Bí ọmọdé bá ṣe é, ó ń rìn gbéregbère, ẹgba ló sì tọ́ sí i. Ọkọ ilé tó bá dán an wò, ìrìnkurìn ni, ìyàwó rẹ̀ á ti mọ ohun tó ń wá kiri. Tó bá wá jẹ́ òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì bíi tèmi, ẹbí á pe ìpàdé lé e lórí.

Bí mo ṣe jáde lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọlọ́kadà kan bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé mi.

"Bàbá, níbo lẹ ń lọ?"

"Mo ń rìn ni."

"Mo rí i pé ẹ ń rìn. Níbo ni?"

Mo ń bá ìrìn mi lọ. Àánú mi ṣe é. "Ẹ gùn ún, Bàbá. Ẹ má sanwó, Ọlọ́run á san án fún mi." Inú bí mi. Inú bí mi débi pé mo gùn ún! Ṣàpọ́n ló já mi sí, ìrìn dókítà sì parí síbẹ̀.

Níwọ̀n ìgbà tí mo ti dé ibẹ̀, mo ní kí n kí àbúrò bàbá mi obìnrin, Àlhájà tó ń ta aṣọ níwájú ilé wọn, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá. Mo dọ̀bálẹ̀, ikùn mi ló kọ́kọ́ kanlẹ̀.

"Ṣé kò sí nǹkan o?" Ìyá bi mí.

"Kò sí nǹkan mà. Mo kàn yà ni."

"Láàárọ̀ kùtù yìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni mà. Ẹ jẹ́ ká jókòó ná." Orúnkún ló ń dùn mí o!

Aṣọ bọ́ lọ́wọ́ Ìyá. Wọ́n ká ọwọ́ lérí. "Yéè! Ọmọ mi ti lọ!"

Ọmọkùnrin kan ṣoṣo ni wọ́n bí, òun ló ń wa tírélà sìmẹ́ǹtì láti Papalanto lọ sí Òkè Ọya. Èmi ò mọ̀ pé láti àná ni fóònù rẹ̀ kò ti lọ. Ta ni kò sì mọ̀ nílẹ̀ yìí pé ẹni tó fẹ́ túfọ̀ kì í pariwo wọlé? Á ní òun kàn yà ni. Á ní kí ẹ jókòó.

Mo búra, mo tún búra. Bí mo ṣe ń búra ni ẹkún ń le sí i, nítorí atúfọ̀ náà a máa búra. Àwọn aládùúgbò ti pé. Bàbá ọ̀ọ́kán ti ń ṣe "Ìnnà lílláhi". Obìnrin kan dì mí mú, ó ní kí n sọ òtítọ́, ó pẹ́ ni, ó yá ni, wọ́n á ṣáà gbọ́. Ẹ̀rù bà mí gidi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé àbí mo ti gbọ́ nǹkan kan tí mo gbàgbé ni. Ni èmi náà bá bú sẹ́kún. Ó tán! Ta ló tún máa gbà mí gbọ́?

Fóònù Ìyá tó dún ló gbà mí. Ọmọ náà ni. Bátìrì rẹ̀ ló kú, kò ríbi fi iná sí i.

Ìyá jókòó sórí aṣọ títà. "Alhamdulilahi," ni wọ́n ń wí ṣáá. Àwọn aládùúgbò bá kọjú sí mi, wọ́n bú mi dáadáa, wọ́n sì tú ká. Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, mo ní ewu ti kọjá.

Ìyá nu ojú wọn.

"Ọjọ́ tí bàbá ẹ kú, ìwọ ni wọ́n rán sí mi. 'Mo kàn yà ni mà,' ohun tí o wí náà nìyẹn. Láti ọjọ́ yẹn, o ò tún yà mọ́."