Ọmọ Tó Ń Bọ̀

Gbólóhùn kan ló ń bí Ìyá Aránṣọ nínú látìgbà tí ọmọ rẹ̀ obìnrin ti lọ sí yunifásítì lókè òkun. Bó bá ti pè é báyìí, ọmọ á ní, "Màámi, mò ń bọ̀," á sì pa fóònù mọ́ ọn létí. Kò ní padà pè mọ́.

"Ibo ló ń bọ̀ gan-an?" Ìyá Aránṣọ á jágbe mọ́ máṣíìnì ìránṣọ bíi pé òun ló ṣẹ̀ ẹ́. "Láti oṣù tó kọjá ló ti ń bọ̀, kò tíì dé!"

"Fi ọmọ lọ́rùn sílẹ̀," ni ọkọ rẹ̀ wí. "Ṣebí olùkọ́ tó bá àwa òbí ṣèpàdé ní ká jẹ́ kó dá dúró."

"Kí olùkọ́ lọ bí tiẹ̀!"

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, bó ṣe ń gé aṣọ oníbàárà lọ́wọ́, fóònù dún. Ọmọ ló pè, ẹkún ló sì ń sun.

"Màámi, ara mi ò yá. Mi ò mọ ẹnì kankan níbí."

"Mò ń bọ̀!"

Ìyá Aránṣọ ju àlùmọ́gàjí sílẹ̀, ó ki ẹsẹ̀ bọ bàtà. Ó ti dé ojú títì kó tó rántí ibi tí ọmọ wà.