Ọdún Tí Òkúta Gba Ìjókòó Mi

Ní ọdún àkọ́kọ́ mi ní yunifásítì, òkúta jókòó, èmi dúró.

Bó ṣe rí gan-an ni mo kọ ọ́ yẹn, n kò fi iyọ̀ kún un. Mo rántí òwúrọ̀ Ọjọ́ Ajé tí mo kọ́kọ́ wọ áńfì, gbọ̀ngán ńlá alátẹ̀gùn tí wọ́n ti ń kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́. Agogo mẹ́jọ ni olùkọ́ máa wọlé. Agogo mẹ́fà ààbọ̀ ni èmi ti dé láti Bè-Kpota, adúgbò wa ní Lomé, pẹ̀lú bírò mẹ́ta àti ìwé tuntun tí mo fi bébà bò. Kò sí ẹ̀dá alààyè kan nínú gbọ̀ngán náà àfi alángbá méjì, síbẹ̀ kò sí àyè ìjókòó kan. Òkúta ló kún orí bẹ́ńṣì láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ààbọ̀ búlọ́ọ̀kù wà níbẹ̀, bàtà sálúbàtà ẹsẹ̀ kan wà níbẹ̀, ike omi òfìfo wà níbẹ̀. Mo rò pé àwọn bírìkìlà ló gbàgbé ẹrù. Mo rọra ti òkúta kan sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo jókòó. Kò pẹ́ tí ọmọkùnrin kan fi wá dúró lé mi lórí.

"Davi, àyè òkúta mi lo jókòó sí yẹn o."

Davi ni wọ́n máa ń pe ọmọbìnrin ní Lomé, yálà ó ń tajà tàbí kò tà. Mo wò ó láti òkè dé ilẹ̀. "Òkúta rẹ? Ṣé òun náà forúkọ sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ yìí ni?"

"Ó dé kí o tó dé. Bọ̀wọ̀ fún àgbà."

Gbogbo àwọn tó ti ń wọlé bú sẹ́rìn-ín. Mo dìde fún òkúta. Gbogbo ìjókòó mìíràn ló sì ní òkúta tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe bá ara mi níta, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, láàárín àwọn tí wọn kò tíì mọ̀ pé òkúta ni a fi ń wọ yunifásítì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ ìjókòó yìí ká mi lára. Àbúrò bàbá mi ló ń tọ́jú ẹ̀kọ́ mi, ó sì ti là á mọ́lẹ̀ fún èmi àti ìyá mi pé ọdún kan ṣoṣo ni òun fún mi. Bí mo bá yege, kí n máa bá a lọ. Bí mo bá fìdí rẹmi, mò ń bọ̀ wá dúró ní ṣọ́ọ̀bù òun ní Kodjoviakopé, kí n máa ta báàgì fún àwọn tó ń sọdá ẹnubodè sí Aflao ní ilẹ̀ Ghana. Ẹ̀kọ́ kan sì wà lọ́dún yẹn tí gbogbo wa ń pè ní ẹnubodè, torí ẹni tó bá fìdí rẹmi níbẹ̀, kò sí ọ̀nà síwájú fún un. Bàbá arúgbó kan tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dénú ló ń kọ́ wa, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kéré bí ohùn ẹni tó ń sọ àṣírí fún ọmọ ìkókó. Míkìrò tó yẹ kó gbé ohùn náà jáde ti kú kí a tó dé ibẹ̀, kò sì sẹ́ni tó sin ín. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ìdajì gbólóhùn ni mò ń gbọ́. Ìdajì yòókù, èmi ni mò ń dá a ṣe. Títí di òní mo ní ìwé kan lọ́wọ́ tí ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ kò sí nínú ìwé ọ̀mọ̀wé kankan láyé.

Ẹ̀gbọ́n kan wà nínú ọgbà tí a ń gbé, ará apá Atakpamé, tó ti wà ní ọdún kẹta. Òun ló kọ́ mi ní ọ̀pọ̀ ohun tí mo mọ̀. Ó ní kí n ṣe fótókopí gbogbo ìwé mi ní márùn-ún-márùn-ún kí wọ́n tó béèrè. Ó ní ojú pátákó ni kí n ti máa wo àkókò ìdánwò, kí n má gba ohun tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ sórí fóònù gbọ́. Ó ní kí n máa kí ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, torí òun nìkan ló mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà. Gbogbo èyí ni mo gbà. Nígbà tó dórí òkúta, mo kọ̀.

"Lọ wá òkúta tìrẹ," ló wí. "Ilé tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ pọ̀ ní Bè-Kpota, ìwọ ṣáà mú ọ̀kan."

"Ẹ̀gbọ́n, mi ò ní bá wọn hu irú ìwà yẹn. Ẹ̀tọ́ mi ni ìjókòó. Màá kọ̀wé."

"Kọ ọ́," ló wí. "Bírò kì í ṣáà wúwo tó òkúta."

Lóòótọ́, ìwé ẹ̀sùn kíkọ ni iṣẹ́ ọwọ́ mi láti kékeré. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà tí mo kọ̀wé sí ọ̀gá ilé-ìwé wa pé ẹ̀wà tí wọ́n ń fún wa lọ́sàn-án ń dín kù lójoojúmọ́, mo sì ya àwòrán ṣíbí ẹ̀wà náà sí i. Nítorí náà, ìwé márùn-ún ni mo kọ sí ọ́fíìsì àwọn aláṣẹ ní ọdún yẹn, mo fi nọ́ḿbà sí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Nínú ìwé kẹrin, mo tiẹ̀ fi ẹ̀rí gúnlẹ̀: mo ní láti ojú fèrèsé ni mo ti rí i pé àyè kan wà ní ìlà kejì tí ẹnikẹ́ni kò jókòó sí fún odindi ọ̀sẹ̀ kan, tí àwa sì ń dúró nínú oòrùn. Mo ní kí wọ́n wá dáhùn sí àyè òfìfo yẹn. Ẹ fi àyè yẹn sọ́kàn.

Akọ̀wé obìnrin tó wà níbẹ̀ kò bínú sí mi rí. Bó bá ti rí mi, á rẹ́rìn-ín músẹ́, á fi Faransé kí mi. "Bonjour, davi. Ça va? Ìwé mìíràn tún ni? Ẹni tó ń fọwọ́ sí i kò sí níbí. Padà wá lọ́la." Mo mọ ọ̀la yẹn dáadáa. Kò tíì dé.

Ìyá mi kò mọ nǹkan kan nípa gbogbo èyí, tàbí kí n sọ pé bẹ́ẹ̀ ni mo rò. Ará apá Pọ́bẹ̀ ní ilẹ̀ Benin ni, abọ́ àti ike ló ń tà ní ọjà Bè-Kpota, kò sì jókòó sínú kíláàsì kankan rí láyé. Ní ìrọ̀lẹ́ á béèrè pé, "Ṣé o ráyè jókòó lónìí?" Èmi á ní, "Mo jókòó, Màmá." Kí n máa wá sọ fún un pé òkúta ló ń lé ọmọ rẹ̀ kúrò ní ìdí ìwé? Nígbà tó yá, ó yí ìbéèrè padà. "Iwájú lo jókòó sí àbí ẹ̀yìn?" Mo ní iwájú ni. Ó rẹ́rìn-ín, mo rò pé inú rẹ̀ dùn, èmi náà sì yin ara mi pé mo ti mọ irọ́ pa.

Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ wá di eré àpéwò, mo gbé abọ́ ike ńlá kan nílé, mo dé áńfì kí ojú tó mọ́ tán. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ìlà iwájú. Mo ń ṣa òkúta bí ẹni ń ṣa àgbàdo, bí abọ́ bá ti kún, mo ń lọ dà á nù sábẹ́ igi dóńgóyárò tó wà lẹ́yìn gbọ̀ngán. Nígbà tí mo dé ìlà kejì, kì í ṣe òkúta ni mo bá nínú àyè òfìfo tí mo fi jẹ́rìí lọ́jọ́sí. Òṣùká ni, irú èyí tí a ń fi sórí gbé ẹrù, tí wọ́n fi àkísà kakí ṣe, tí ìdọ̀tí ti pa láró. Inú bí mi ju ti òkúta lọ. "Àwọn wọ̀nyí ò tiẹ̀ nítìjú! Àkísà lẹ tún gbé wá!" Ìka méjì ni mo fi mú un, mo sì sọ ọ́ gba ojú fèrèsé jáde. Òun ló fò jìnnà jù.

Nígbà tí agogo méje fi máa lù, ariwo ti gba gbogbo ibẹ̀. "Òkúta mi dà?" "Ta ló kó òkúta wa?" Mo dúró lórí àtẹ̀gùn, mo gbé ọwọ́ sókè, mo ní èmi ni, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé karùn-ún mi sí wọn létí. Mo dé gbólóhùn kẹta nígbà tí ìyá oníbúrẹ́dì tó ń tà ní ẹnu géètì wọlé. Ọmọ ìlú ìyá mi ni, adúgbò wa náà ló sì ń gbé. Òṣùká yẹn wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ta ló ju òṣùká ìyá rẹ síta?"

"Ìyá ta ni?"

"Ìyá tìrẹ, ìwọ ọmọ yìí! Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí mo ti ń bá a tẹ́ ẹ sílẹ̀ fún ọ láàárọ̀. O ò mọ aṣọ ara rẹ mọ́?"

Mo gbà á, mo tú etí rẹ̀ kan. Aṣọ kakí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ mi ni. Mo rí àpò kékeré tí mo máa ń kó ẹ̀pà sí, ó ṣì wà lára rẹ̀. Ní ọjà Bè-Kpota, ẹni tó bá tẹ́ òṣùká sílẹ̀ ti ní àyè, kò sí ẹni tó máa ṣí i. Ìyá mi rò pé bákan náà ni ọjà àti yunifásítì rí. Ohun tó dùn mí jù ni pé òótọ́ ló rò.

Dẹlẹgé wa, ọmọkùnrin tí a yàn ṣe olórí kíláàsì, sún mọ́ mi díẹ̀, kò sún mọ́ mi jù. "Davi, ṣé ọwọ́ lásán lo fi gbé nǹkan yẹn?"

"Ọwọ́ wo ni kí n fi gbé e?"

"Gbogbo wa ló rò pé oògùn ni! Ta ló máa jókòó ti oògùn lọ́dún ìdánwò?"

Ẹ̀rín tó bú nínú áńfì lọ́jọ́ yẹn, bí míkìrò bá wà láàyè, kò ní gbé e jáde tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni àyè mi fi wà lófìfo ní ìlà kejì, tí èmi dúró níta tí mò ń fi í ṣe ẹ̀rí ìwà ìbàjẹ́. Bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè lákìísà tó àgbà. Láyé mi, n kò mọ ìtumọ̀ òwe yẹn bí mo ṣe mọ̀ ọ́n ní wákàtí yẹn.

Wọ́n ní kí n lọ kó òkúta wọn padà. Mo lọ, wọ́n sì tẹ̀ lé mi. Lábẹ́ dóńgóyárò, olúkúlùkù ń wá ti ẹ̀. "Tèmi ní imú." "Kì í ṣe ìyẹn, tèmi dán jù bẹ́ẹ̀ lọ." Ọmọkùnrin tó ní kí n bọ̀wọ̀ fún àgbà ló kẹ́yìn wá tirẹ̀ rí, ó sì nù ún bí ẹni nu ojú ọmọ. Lẹ́yìn náà, mo jókòó sórí àyè mi, mo gbọ́ odindi gbólóhùn láti ẹnu bàbá arúgbó yẹn fún ìgbà àkọ́kọ́, mo sì rí i pé ẹ̀kọ́ náà kò le. Láti ọjọ́ yẹn, àwa tí a wà níwájú bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tí a kọ fún àwọn tó wà ní fèrèsé lẹ́yìn ẹ̀kọ́, lábẹ́ dóńgóyárò kan náà. Ibẹ̀ ni mo ti ní àwọn ọ̀rẹ́ tí mo ní dòní, ibẹ̀ náà ni ẹ̀kọ́ ẹnubodè ti wọ̀ mí lórí. Mo yege. Báàgì ṣọ́ọ̀bù Kodjoviakopé rí ẹlòmíràn tà á.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ òṣùká, ìyá mi béèrè bó ṣe máa ń béèrè. "Ṣé o jókòó?"

"Mo jókòó, Màmá."

Ó gbé apá mi sókè, ó wo ìgbọ̀nwọ́ mi. "Mo rí i. Kò sí ẹfun ògiri lára aṣọ rẹ lónìí." Ẹfun ara fèrèsé ló ti ń tú àṣírí mi láti ọjọ́ yìí wá, òun ló sì ń fọ̀ ọ́.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wọ yunifásítì kan náà lọ́dún yìí. Mo bá a lọ ní òwúrọ̀ àkọ́kọ́. Mo ti sọ fún un pé kó jẹun kó tó jáde nílé, kó kí ẹ̀ṣọ́, kó ṣe fótókopí, kó má fi ìgbéraga kọ ìmọ̀ràn àwọn tó ṣáájú rẹ̀, kó sì má ju ohunkóhun tí kò bá mọ ẹni tó ni ín nù. Ẹni tó jìn sí kòtò ló ń kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n. A ṣílẹ̀kùn áńfì. Òkúta ló kún ibẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn. Mo rí ọ̀kan tó ní imú.

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, ṣùgbọ́n ẹ̀yin aláṣẹ, ẹ má ṣe pe ẹ̀rín yẹn ní ìdáríjì. Àwa akẹ́kọ̀ọ́ kọ́ la dá òkúta sílẹ̀. Ẹni tó ka orí wa nígbà tó ń gbà wá wọlé, kí ló dé tí kò ka bẹ́ńṣì? Ta ni míkìrò wà ní ìkáwọ́ rẹ̀, kí sì ló ń ṣe láti ìgbà yẹn? Àwọn ìwé mi márààrún, inú fáìlì wo ni wọ́n sùn sí? Mo fẹ́ ìdáhùn, mo sì fẹ́ ẹ lórí ìwé tí ẹni tó kọ ọ́ fọwọ́ sí.

Kí ẹ má bàa sọ fún mi pé kò sí àyè, ìyá mi ti fún mi ní òṣùká rẹ̀. Mo ti tẹ́ ẹ sórí àga tó wà ní iwájú ọ́fíìsì yín láàárọ̀ yìí. Ẹni kankan kò ní jókòó síbẹ̀, ẹ̀yin náà mọ̀. Mò ń bọ̀ wá jókòó.