Mo Lọ Mu Tíì Kòkó ní Thamesmead

Mo kírun àsùbáà tán ni mo gbéra ní Woolwich, ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ má rò pé Mẹ́kà ni mò ń lọ o. Thamesmead ni, ibi tí bọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ń gbé èèyàn dé. Ṣùgbọ́n bàbá mi, tó wá kí mi láti Ìbàdàn, ń padà sílé lọ́jọ́ kejì, ohun kan sì ń dùn ún: láti kékeré ló ti ń dáko kòkó, kò sì mọ bó ṣe ń rí lẹ́nu. "A gbìn ín, a ká a," ló máa ń wí, "ìyá rẹ ń sá a sóòrùn títí ó fi kú. Ẹnu ta ló ń lọ?" Mo po ti inú agolo fún un, ó ní ṣúgà lásán ni.

Miss Verna, ará Grenada, erékùṣù tí wọ́n ti ń gbin kòkó bíi tiwa, tí a jọ ń tọ́jú àwọn arúgbó, ló ní kí n tètè wá mu tiwọn kó tó lọ síbi iṣẹ́. Dírẹ́bà bọ́ọ̀sì kí mi káàárọ̀ ní Yorùbá.

"Auntie, níbo lẹ̀ ń lọ this early? Ṣé kò sí o?"

"Tíì ni mo fẹ́ lọ mu."

"Ní Thamesmead? Ṣé kettle yín ti bàjẹ́ ni?"

Kọnkéré ni Thamesmead láti òkè délẹ̀. Afárá ni wọ́n ń gbà láti ilé dé ilé, mọ́tò ló ń sùn nísàlẹ̀. Pẹ́pẹ́yẹ ń yan lẹ́bàá adágún omi, ẹnikẹ́ni ò lé wọn. Nílé, wọn ì bá ti di ọbẹ̀.

Mo délé Miss Verna, ó ní "cocoa tea" ni wọ́n ń pè é nílùú wọn, ni mo bá bú sẹ́rìn-ín. Àwọn náà dà bíi tiwa: ohunkóhun tó bá ti gbóná nínú kọ́ọ̀bù, tíì ni, ewé tíì ì báà má sí níbẹ̀.

Ní Grenada ni wọ́n ti yan kòkó náà, wọ́n gún un, wọ́n ṣù ú róbótó. Miss Verna rin ín bí ẹní rin ẹ̀gẹ́, ó dà á sínú omi tó ń hó pẹ̀lú kànáfùrù, èèpo kínámónì àti nọ́tímẹ́gì. Ó fi mílíìkì àti ṣúgà sí i, ó sì fi ìyẹ̀fun díẹ̀ mú un ki bí ẹ̀kọ mímu. Mo fẹnu kàn án, ojú mi là! Ó fi bébà wé ìṣù kan ṣoṣo tó kù fún mi.

Mo délé, mo gbé e sórí tábìlì, mo lọ gbé omi kaná. Kí n tó padà, bébà nìkan ló kù. Omi ń dà ní báluwẹ̀. Mo sáré lọ kan ilẹ̀kùn.

"Daddy! Kí lẹ fi ń wẹ̀?"

"Ọṣẹ dúdú tí o rà wá ni. Ó ń ta sánsán, ṣùgbọ́n kò hó!"

"Kòkó ni o! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa mí!"

Omi dáwọ́ dúró. "Apá òsì nìkan ni mo tíì fi pa."

N ò lè bá a wí. Eérú èèpo kòkó la fi ń ṣe ọṣẹ dúdú nílé, èèpo yẹn nìkan ló sì ń kàn wá nínú kòkó wa. Ẹ̀kọ́ tí ìrìn àjò náà kọ́ mi ni pé kéèyàn má gbé kòkó síbi tí ará Ìbàdàn ti ń wá ọṣẹ.

Mo gé ibi tó ti kan omi dànù, mo rin ìyókù, mo sè é. Bàbá mi fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó mu ún, ó tún mu.

"Ká ní mo mọ̀ pé báyìí ló dùn, ǹ bá má tà á tán."

A rẹ́rìn-ín títí. Nígbà tó yá, ó wo ìdí kọ́ọ̀bù.

"Ìyá rẹ ì bá mu nínú ẹ̀."

Ó na kọ́ọ̀bù sí mi.

"Bu tiẹ̀ náà wá. Màá bá a mu ún."